‘Take’ láàárín Mú, Gbà àti He: Àríwísí lórí Kíka Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀

Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1755, ìtumọ̀ 134 ni ó tò sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ‘take’. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí gba nǹkan bí ojú ewé márùn-ún nínú ìwé náà. Nínú ẹ̀dà kejì Oxford English Dictionary tí ó jáde ní 1989, ‘set’ ni àlàyé rẹ̀ gùn jùlọ, pẹ̀lú ìtumọ̀ bíi 430. Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé náà tún ‘run’ yẹ̀ wò fún ẹ̀dà tuntun, ìròyìn tí ó jáde ní 2011 ni pé ìtumọ̀ 645 ni wọ́n bá lára ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Irú iye bẹ́ẹ̀ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ohun tí kì í sọ ni ẹni tí ó kà á, àti irú ọ̀bẹ tí ẹni náà fi gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀kọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé iye ìtumọ̀ ti di òṣùwọ̀n tí àwọn kan fi ń wọn èdè. Ẹni tí ó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìtumọ̀ 134, tí ó sì rí i pé ìlà mélòó kan péré ni ìwé ọwọ́ rẹ̀ fi túmọ̀ ‘mú’, kò ní pẹ́ kí ó tó parí èrò sí pé èdè kan lọ́rọ̀, èkejì tálákà. Èrò náà kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgbéraga èdè kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Kí ènìyàn máa ka ìtumọ̀ ‘jẹ’ tàbí ‘pa’ títí yóò fi pé igba, kí ó lè fi hàn pé Yorùbá náà ní tirẹ̀, eré kan náà ni ní pápá mìíràn. Ohun tí ó tó yẹ̀ wò ni ìbéèrè tí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ń fi dandan bi ẹni tí ó fẹ́ lò ó. Níbi ìbéèrè wọ̀nyí ni ‘take’ àti àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ọwọ́ ní Yorùbá ti pínyà. Ìpínyà náà kò sì mọ sí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó ń dé kọ́ọ̀tù, ó ń dé ilé ìwòsàn.

Johnson fúnra rẹ̀ kò fi iye náà yangàn. Ìráhùn ni ó fi ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀: ó kó ‘come’, ‘get’, ‘give’, ‘put’, ‘set’, ‘run’ àti ‘take’ mọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n dá kún iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìtumọ̀ wọn tú jù, kò ṣe é dì mú. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. ‘Take’ kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ onílé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Scandinavia tí wọ́n jagun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni wọ́n mú ‘taka’ wá. ‘Niman’ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń lò tẹ́lẹ̀, ìbátan ‘nehmen’ tí ó ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Jámánì títí di òní. Àlejò lé onílé jáde. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún ‘niman’ nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ju irú ọ̀rọ̀ bíi ‘numb’ àti ‘nimble’ lọ, tí ó ṣòro kí ẹni tí ó ń sọ wọ́n rántí pé wọ́n bá mímú nǹkan tan. Àwọn onímọ̀ ìtàn ọ̀rọ̀ sì gbà pé fífi ọwọ́ kan nǹkan ni ìpìlẹ̀ ‘take’, kí ó tó di mímú, kí ó tó di gbígbà, kí ó tó wá di ohun gbogbo.

Bí ó ṣe di ohun gbogbo náà kò ṣòroó rí. Nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn tí ‘take’ ti jẹyọ lónìí, ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e ni ó ru ẹrù ìtumọ̀. ‘Take a bath’ ni wẹ̀. ‘Take a seat’ ni jókòó. ‘Take an oath’ ni búra. ‘Take offence’ ni bínú. ‘Take a photograph’ ni ya àwòrán. Ẹni tí ó ‘take’ oyè, ó jẹ ẹ́ ni. Ẹni tí ó ‘take’ aya, ó gbé ìyàwó. Ẹni tí ó ‘take off’ aṣọ, ó bọ́ ọ, bàálù tí ó sì ‘take off’, ó gbéra. Atúmọ̀-èdè tí ó bá ka ìkọ̀ọ̀kan ìwọ̀nyí sí ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ fún ‘take’, iye ọ̀rẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ní ni ó ń kà, kì í ṣe iye ọmọ tí ó bí. Nínú gbogbo wọn, ‘take’ kò ṣe ju kí ó sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, kí ó sì fi ẹni tí ó ṣe é hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá kọ ‘mú àwòrán’ níbi tí ó yẹ kí ó ti kọ ‘ya àwòrán’ kò ṣe àṣìṣe kékeré: ohun tí ó sọ ni pé ẹnì kan na ọwọ́, ó sì mú àwòrán tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Yorùbá kì í jẹ́ kí ènìyàn ‘take’ nǹkan lásán. Èdè náà yóò kọ́kọ́ béèrè irú nǹkan tí ó jẹ́, ibi tí ó wà, àti bí ọwọ́ ṣe dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ odidi kan tí ó ní ìwúwo, wọ́n ń gbé e ni: àga, odó, ọmọ. Bí ó bá pọ̀ níye, wọ́n ń kó o: ẹrù, ìwé, ẹ̀wù. Owó ẹyọ kan tí ènìyàn ń mú, bí ó bá di àpò kan, ó ti di kíkó. Díẹ̀ lára ohun tí ó pọ̀ ni wọ́n ń bù, bí iyọ̀ tàbí ìrẹsì. Ewé ni wọ́n ń já. Ọsàn ni wọ́n ń ká. Ohun tí ó fọ́n ká ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣà. Ohun tí ó wà nínú nǹkan mìíràn ni wọ́n ń yọ. Ohun tí yóò wà lórí ni wọ́n ń rù. Ohun tí ènìyàn bá sì pàdé nílẹ̀, tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, he ni ó he é. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ọ̀rọ̀ bíi ‘lift’ àti ‘pluck’, kò sí àní-àní. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè fo gbogbo wọn dá, kí ó lo ‘take’, kí gbólóhùn rẹ̀ sì gún. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ‘mú odó’ ní Yorùbá, àwọn tí ó gbọ́ yóò kọ́kọ́ wo apá rẹ̀ ná.

‘Mú’ ni ó fúyẹ́ jù nínú wọn. Kò béèrè ju kí ọwọ́ dì mọ́ nǹkan lọ, ìdí sì nìyẹn tí ó fi rìn jìnnà: ọlọ́pàá mú olè, òtútù ń mú ọmọ, ọ̀rọ̀ náà mú inú rẹ̀ dùn, kí ni ó mú un wá? Bóyá ‘mú’ tí ọ̀bẹ fi ń mú jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ìwọ̀nyí jẹ́ àríyànjiyàn tí kò ní parí láìpẹ́, kò sì yẹ kí ó dá ọ̀rọ̀ dúró níhìn-ín. Nítorí fífúyẹ́ yìí ni ó fi rọrùn láti rò pé ‘mú’ ni ‘take’ ti Yorùbá. Bí ènìyàn bá wo lílò rẹ̀ dáadáa, yóò rí i pé ‘gbà’ ni ó súnmọ́ ọn jù. Iṣẹ́ ń gba ọjọ́ mẹ́ta, yàrá ń gba ènìyàn mẹ́wàá, arìnrìn-àjò ń gba ọ̀nà Ìbàdàn, ọmọ ń gba ìmọ̀ràn. Nínú gbogbo wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti lè lo ‘take’, kò sì sí ọ̀kan tí ‘mú’ lè dúró nínú rẹ̀. (Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún kíyè sí i pé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí ‘gbà’ ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ṣe àbọ̀ rẹ̀, kí ó má baà rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni.)

Ohun tí ‘gbà’ ń béèrè ni ẹnìkejì. Ọwọ́ mìíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tàbí ohun tí ó dúró ní ipò ọwọ́. Ẹni tí ó gba ọmọ lọ́wọ́ ikú, Ikú gan-an ni ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ‘gbà’ náà ní ibi tí ó dákẹ́ sí: kì í sọ bóyá ẹnìkejì náà fẹ́. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lè gba owó oṣù, ó lè gba ẹ̀bùn, ó lè gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìbọn ni ó nà sí i. Láti dí àlàfo yìí ni Yorùbá ṣe ń so ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ ara wọn: wọ́n já a gbà, wọ́n fi ipá gbà á, wọ́n jí i gbé. Àwọn tí ó ka A Grammar of Yoruba tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe ní 1966 àti Essentials of Yoruba Grammar tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ní 1978 mọ̀ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti mú àríyànjiyàn tí ó jinlẹ̀ wá nípa ohun tí ó yẹ ní pípè ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tí àríyànjiyàn náà kì í sábà fi sí iwájú ni pé ìsopọ̀ ọ̀hún jẹ́ ọ̀nà láti dín pọ́n-na kù. Nínú ‘jí gbé’, ‘jí’ sọ irú ọkàn tí wọ́n fi ṣe é, ‘gbé’ sì sọ ohun tí ọwọ́ ṣe.

‘Take’ fúnra rẹ̀ ti wọ inú ètò ìsopọ̀ yìí nígbà tí ó dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú èdè Naijá, ẹni tí ó ‘tek knife cut meat’ ń sọ ‘fi ọ̀bẹ gé ẹran’ ní ohùn mìíràn, ìbéèrè ‘how you tek know?’ sì jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, tí gbogbo àdúgbò sì ní ‘they have taken light’, ‘wọ́n ti mú iná lọ’ ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Tí iná bá padà, ‘wọ́n ti mú iná wá’ ni: ‘mú’ kan náà, tí ‘lọ’ àti ‘wá’ sì pín iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ‘take’ àti ‘bring’ ṣe.

Báwo wá ni ìwé atúmọ̀-èdè ṣe tọ́jú gbogbo èyí? Vocabulary of the Yoruba Language tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 fi apá Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ṣe ìṣáájú, apá Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e. Ìwé atúmọ̀-èdè ti Church Missionary Society tí ó jáde ní Èkó ní 1913, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi kọ́ ọmọ fún ọdún gbọọrọ, náà ní apá Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ó ní ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀: míṣọ́nnárì tí ó ń wá ọ̀rọ̀ láti wàásù, Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà ní orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Ẹ̀sùn wà lórí àwọn tí wọ́n ti lo ìlànà kan náà títí di òní láìbi í léèrè. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró ní orí, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin tàbí márùn-ún tò tẹ̀ lé e, kí kọ́mà sì wà láàárín wọn. Kọ́mà náà ni ó ń pa irọ́. Ó ń sọ fún ẹni tí ó ń kà pé ‘mú, gbà, gbé, kó’ jẹ́ ọ̀kan náà, kí ó mú èyí tí ó bá wù ú. Gbogbo ìbéèrè tí ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ń bèèrè ti sọnù, wọ́n sì wá dà bí àfọ́kù ìkòkò tí ‘take’ jẹ́ odidi rẹ̀.

Crowther fúnra rẹ̀ ti rí ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1852, Yorùbá ni ó fi ṣe orí ọ̀rọ̀. R. C. Abraham náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Dictionary of Modern Yoruba ti 1958, ó sì fi àpẹẹrẹ gbólóhùn kún un débi pé ẹni tí ó bá ní sùúrù lè fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti ń bá òmíràn pààlà. Ìwé náà kò rọrùn láti lò, ètò rẹ̀ sì lè dá ènìyàn lágara. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé pélébé tí wọ́n ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ lónìí kò tó èéfín rẹ̀.

Kọ́ọ̀tù ni ibi tí kọ́mà yìí ti lè ba ayé ènìyàn jẹ́. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní apá 36, fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan owó bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Apá 383 nínú Criminal Code sì gbé olè jíjà kalẹ̀ lórí ‘take’: olè ni ẹni tí ó bá fi èrò jìbìtì ‘take’ ohun tí ó ṣe é jí, tàbí tí ó sọ ọ́ di tirẹ̀ pẹ̀lú irú èrò bẹ́ẹ̀. Òfin náà mọ̀ pé ‘take’ kò tó, nítorí náà ni ó ṣe fi kún un pé ìwà náà kò tíì pé àfi bí ẹni náà bá sún nǹkan ọ̀hún kúrò ní àyè rẹ̀ tàbí kí ó fi ara ṣe nǹkan kan sí i. ‘Gbé’ ti ní ìyẹn nínú. ‘Mú’ kò ní in dandan. Ènìyàn lè mú nǹkan dání lórí ìjókòó rẹ̀.

Bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn fún ẹni kan pé ó ‘take’ fóònù, tí ògbufọ̀ sì wí fún un pé ‘wọ́n ní o jí fóònù’, ògbufọ̀ náà ti so ọwọ́ àti ọkàn pọ̀, nígbà tí òfin fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rí ìkọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀. Bí ó bá sọ pé ‘wọ́n ní o mú fóònù’, tí ẹni náà dáhùn pé ‘bẹ́ẹ̀ ni, mo mú un’, kò tíì jẹ́wọ́ ohun kan ju pé ọwọ́ rẹ̀ kan án. Èyí tí ó le jù ni ‘he’. Olùjẹ́jọ́ ní ‘mo he é lẹ́bàá títì’. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí ‘I took it by the roadside’. Ẹnu apá 383 kan náà ni òfin ti sọ pé sísọ ohun tí ó sọnù di tirẹ̀ kì í ṣe jìbìtì fún ẹni tí ó rí i, bí kò bá mọ olówó rẹ̀ ní àkókò náà, tí ó sì ní ìdí tí ó tọ́ láti gbà pé olówó náà kò ṣe é wá rí. Ọ̀rọ̀ kan, sílébù kan, ni olùjẹ́jọ́ fi bẹ̀rẹ̀ àwíjàre rẹ̀, ‘take’ sì gbé e mì. Ẹlẹ́rìí tí ó ní ‘ó já a gbà lọ́wọ́ mi’ náà lè pàdánù ọ̀rọ̀ rẹ̀ bákan náà, nítorí pé lílo ipá ni òfin fi ya ìdigunjalè sọ́tọ̀ kúrò lára olè jíjà lásán. ‘He took it from me’ kò ní ipá kankan nínú.

Ní ilé ìwòsàn, apá kejì ni àlàfo wà. ‘Take’ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn, ẹnu ni ó sábà ń tọ́ka sí. ‘Lo’ tí Yorùbá fi ń túmọ̀ rẹ̀ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń lo àgbo, wọ́n ń lo ìpara, wọ́n ń lo oògùn tí wọ́n ń kán sí ojú. Níhìn-ín, Yorùbá ni ó tú, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe é dì mú, èyí tí ó yẹ kí ó dẹ́kun ìgbéraga àwọn tí wọ́n rò pé èdè kan ni ó máa ń ṣe pàtó nígbà gbogbo. Nọ́ọ̀sì tí ó bá fún ìyá àgbà ní hóró oògùn àti ìpara lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì ní ‘ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, Màmá’, kò tíì sọ nǹkan kan. ‘Ẹ gbé e mì’ fún hóró àti ‘ẹ fi pa á’ fún ìpara ni ọ̀rọ̀ tí ó pé.

Ìwé atúmọ̀-èdè tí yóò wúlò fún ògbufọ̀ àti nọ́ọ̀sì kò níí nílò láti gùn tó ti Johnson. Sábẹ́ ‘take’, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ tò, kì í ṣe ọ̀rọ̀: ṣé ọwọ́ kan nǹkan náà? Ṣé ọ̀kan ni tàbí púpọ̀? Ṣé ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣé ẹni náà sì yọ̀ǹda rẹ̀? Ṣé ilẹ̀ ni ó wà? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò darí ẹni tí ó ń kà sí ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan tí ó fi ohùn àti àbọ̀ rẹ̀ hàn. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti dákẹ́ pátápátá, bí ó ṣe máa ń rí nínú ìwé ẹ̀sùn, kí ìwé náà sọ fún ògbufọ̀ ní gbangba pé ‘mú’ ni kí ó lò, nítorí pé òun ni kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí ó sì fi ‘jí’ sílẹ̀ fún adájọ́.